Ìwọ̀n Òpéléńgẹ́

Ẹni tó bá rí ọkọ mi lọ́jọ́ Iléyá ọdún tó kọjá, tó pọn àpò oúnjẹ adìyẹ sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, tó wá ń sọ káàkiri pé orí rẹ̀ ti dàrú, kí olúwarẹ̀ wá bi mí. Èmi Raliat ni mo fi ọ̀já dì í mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọ̀já tí mo fi pọn Anas, àkọ́bí wa, ni mo lò. N ò tijú, orí ọkọ mi ò sì dàrú. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹnu àwọn ará àdúgbò wa kì í gbé ọ̀rọ̀ délé láìbù kún un.

Sàídù lorúkọ ọkọ mi. Lójú rẹ̀, Bàbá Anas ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì ń bá a sọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń pè é ní "ó" níbí, ẹ má sọ fún un. Ṣọ́ọ̀kì ló ń tún ṣe nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Iresa. Àwọn ọlọ́kadà ló ń gbé e wá fún un: irin tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà, tí sípíríǹgì wé mọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí kòtò ba ìdí ẹni jẹ́. Ọ̀kadà á máa kọjá lọ, ọkọ mi á kàn gbórí sókè, á ní, "Ṣọ́ọ̀kì apá òsì ìyẹn ti ń da ọ́ìlì." Kò tíì rí i o, dídún rẹ̀ ló gbọ́. Èmi ń ta oúnjẹ adìyẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n bí mi sí, ẹnu mi mú, sùúrù mi ò sì pọ̀. Òun kì í sọ̀rọ̀. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ara irin ló ń sọ ọ́ sí.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Israfil ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ n ò pè é bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ tó bá nílé lórúkọ. Orúkọ mìíràn ni ìyàwó máa ń fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, mo rí ọmọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó tínrín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, mo ní, "Òpéléńgẹ́ ọkọ mi!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Òpéléńgẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan ọkọ mi.

Ọdún mẹ́jọ ni Sàídù fi jù ú lọ. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún kan tí ìyá wọn fi kú, ẹ̀yìn Sàídù ló sì dàgbà sí. Bàbá wọn ń dáko ní Iresa. Bí Bàbá bá ń ro ẹ̀gẹ́, Sàídù á pọn àbúrò rẹ̀, á máa ṣa koríko tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́njú, wọ́n á jí kẹ̀kẹ́ Bàbá gbé lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn oko. Sàídù á jókòó síwájú, Òpéléńgẹ́ á rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á sì já wálẹ̀ wìì. "Bùọ̀dá, ẹ má tẹ bíréèkì o!" Ohun tó máa ń pariwo nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò kúkú ní bíréèkì.

Ọdún kejìlá rèé tí Òpéléńgẹ́ ti wà ní Kánádà. Ọdún méjì ló ní òun máa lò. Ọdọọdún ló ń sọ pé òun ń bọ̀ wá bá wa ṣe Iléyá, ọdọọdún ni ọkọ mi sì ń kun yàrá rẹ̀. Yàrá náà ti gba ọ̀dà débi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣeé tì mọ́. Mo máa ń bínú sí i nígbà mìíràn. Mo máa ń ní, "Bàbá Anas, ẹni tó ń bọ̀ kì í pẹ́ tó báyìí lójú ọ̀nà." Á kàn máa fọ búrọ́ṣì rẹ̀ lọ.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ kan dé. Inú búùtù mọ́tò ẹnìkan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbẹ́rù wá sí Èkó ni Òpéléńgẹ́ fi í sí. Kì í ṣe irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń rò o. Èyí tí àwọn òyìnbó fi ń já láti orí òkè gíga wálẹ̀ ni. Táyà rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ká bí ẹsẹ̀ tata, ṣọ́ọ̀kì ńlá kan ṣoṣo ló sì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Àmọ́ ṣọ́ọ̀kì yẹn ti kú. Ọ́ìlì ti dà tán nínú rẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì. Òpéléńgẹ́ pè, ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹni tó ni ín fẹ́ jù ú nù ni. Mo ní kó má jù ú nù, mo ní mo ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi tún ṣọ́ọ̀kì yẹn ṣe. Iléyá ọdún tó ń bọ̀, èmi pẹ̀lú yín ni, lórí òkè Iresa."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé ọkọ mi lọ. Lójú tirẹ̀, bí ṣọ́ọ̀kì bá ti dáa, Òpéléńgẹ́ á dé. Bí kò bá dáa, kò ní í dé. Kò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi ni, mo ń wò ó.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe, ìwà agọ̀ ni. Ó wọn gígùn ṣọ́ọ̀kì náà láti ihò bóòtù òkè dé ti ìsàlẹ̀, ó wá ti ọ̀kadà kan tó gùn bákan náà, ó dè é mọ́ ọn. Gígùn wọn dọ́gba lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ náà já láti orí pèpéle ṣọ́ọ̀bù mi, ti ọ̀kadà wọlé kọjá ibi tó yẹ, táyà ẹ̀yìn lọ ha mọ́ ìdí ìjókòó, kẹ̀kẹ́ dúró gbọin, òun sì ré kọjá lọ sáàárín àwọn àpò mi.

Mo ní, "Bàbá Anas, ẹ kú ìrìn o. Ẹ káàbọ̀."

Ó gbọn oúnjẹ adìyẹ kúrò lórí, ó ní, "Gígùn nìkan kọ́. Ó yẹ kí n wọn ibi tó ń wọlé dé pẹ̀lú." Ó sì fi ẹfun ìkọ̀wé kọ ọ́ sára ògiri. Ògiri mi o, kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ kí àwọn èèyàn mi ní Ọ̀yọ́, ó tẹ̀ lé mi. Bàbá kan tó ń jẹ́ Mashood ń tú kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tà lẹ́yìn Akẹ̀sán. Ó wá ọ̀kan fún un tí gígùn rẹ̀ àti ibi tó ń wọlé dé bá ti tẹ́lẹ̀ mu, àmọ́ oníatẹ́gùn ni, kò ní sípíríǹgì, fífọn ni wọ́n ń fọn ún bíi táyà. Láàárọ̀, á le koko. Kí a tó kí Ásárì, kẹ̀kẹ́ á ti jókòó sílẹ̀. Ọkọ mi rì í sínú abọ́ omi mi bí àwọn fọkanáísà ti ń ṣe, ó rí ìfòfó tó ń yọ lọ́rùn rẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ tó ń dí atẹ́gùn, èyí tí wọ́n ń pè ní síìlì, ti jẹ. Ó wá irú rẹ̀ títí, kò rí.

Ó ní, "Mi ò ṣe mọ́. Ohun tó ń sá lọ ni atẹ́gùn. N ò fẹ́ ohun tó ń sá lọ."

Ló bá padà sí ti àkọ́kọ́. Ó tú u, ó da ìdọ̀tí ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, ó bá síìlì kan tó bá a mu nínú ẹrù àlòkù ọ̀kadà, ó da ọ́ìlì tuntun sí i. Bó bá tẹ̀ ẹ́, á dún fọ́ṣọ́fọ́ṣọ́, ó ní afẹ́fẹ́ ló há sínú ọ́ìlì. Á tún tú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń tú u, tó ń dè é. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́, kò dún rárá, ó sì rọra padà sókè. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀kì tó bá dáa kì í sọ̀rọ̀, Ìyá Anas."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ dáa nìyẹn."

Ó wá ku sípíríǹgì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n fi ń yan sípíríǹgì rẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó sí i jẹ́ẹ́, ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ jù, á máa gbá irin nínú kòtò. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó le jù, á máa ta ẹni sókè. Mo ní kó pe Òpéléńgẹ́, kó bi í pé kílò mélòó ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

"Kí ni mo fẹ́ bi í sí? Ta ni kò mọ Òpéléńgẹ́? Ẹ̀wù kan náà la jọ ń wọ̀."

Ó gun orí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àgbàdo. Kílò méjìlélọ́gọ́ta. A padà sí Ọ̀yọ́, Mashood fún un ní sípíríǹgì tó tọ́ sí ìwọ̀n yẹn. Nígbà tí a délé, ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tẹ́pù, mo wọ̀n ọ́n. Ìdá kan nínú mẹ́ta, kò lé, kò dín. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, n ò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ṣe yìgì. Ó ń fọwọ́ gbá ìjókòó, ó ń sọ pé, "Òun nìyí! Òun gẹ́lẹ́ nìyí!"

Ohùn Òpéléńgẹ́ nìkan là ń gbọ́ lórí fóònù láti ìgbà tó ti lọ. Bó bá fi fọ́tò ránṣẹ́, fìlà òtútù á ti bo ìdajì ojú. Lọ́jọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀, ó fi fídíò pè. Ọkùnrin kan kún inú fóònù bámú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ ki. Mo ní, "Ẹ káàsán sà. Àbúrò ọkọ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyàwó wa, èmi rèé!"

"Lahaola! Òpéléńgẹ́ ọkọ mi, kí ni wọ́n fi ń bọ́ yín?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ló bi í pé kílò mélòó ni. Ó ní mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Mo wẹ̀yìn kí n lè bá ọkọ mi rín in, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí fóònù kú, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ọmọ tí mò ń retí ò sí níbì kankan mọ́. Ó ti dàgbà di ẹlòmíràn, n ò sì sí níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi kúkú ni mo sọ ọ́ ní Òpéléńgẹ́. Orúkọ tí mo fi ṣàwàdà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ló jókòó sí wa lójú fún ọdún mọ́kànlá. N ò mọ bí wọ́n ti ń tọrọ àforíjì irú ìyẹn, mo kàn jágbe mọ́ ọn pé kó dìde, kó lọ pààrọ̀ sípíríǹgì.

Mashood rí wa lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, "Sàídù, ta lò ń ṣe kẹ̀kẹ́ yìí fún gan-an?"

"Àbúrò mi ni, sà."

"Àbúrò rẹ fi kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sanra láàárín oṣù méjì?"

"Ọdún mọ́kànlá ni, sà," ni ọkọ mi wí. Mashood wọlé lọ mú sípíríǹgì tó le jù ti àkọ́kọ́ wá.

Sípíríǹgì tuntun yìí le. Ọkọ mi jókòó sí i, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló kù kó fi tó Òpéléńgẹ́. Mo rí i tó yíjú wo ọjà mi. Ohun tí wọ́n ń kọ sára àpò oúnjẹ adìyẹ kò ju kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà lọ. Mo ní, "Bàbá Anas, rárá o. Ẹ má dán an wò." Ó ti gbé e. Ó fẹ́ fi okùn so ó mọ́ra, ó ń yọ̀ bọ́. Inú bí mi, mo wọlé lọ mú ọ̀já Anas wá. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e pọ̀n ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, mo gbé àpò lé e lẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbà á, mo so ó láyà. Kó tó nàró, ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó gbá ìdí àpò náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀méjì bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò mọ̀ pé mo rí i. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, mo wọ̀n ọ́n. Ìdá kan nínú mẹ́ta.

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ ṣán ọ̀nà orí òkè ní Iresa, ó kó òkúta rẹ̀ kúrò, ó tún kun yàrá. Lọ́jọ́ Àráfà, fóònù dún. Èmi náà wà níbẹ̀.

Òpéléńgẹ́ ní, "Bùọ̀dá mi, ìwé mi ò tíì pé. Kò pé rí láti ọjọ́ tí mo ti débí. Bí mo bá jáde, wọn ò ní í jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ọdọọdún ni mo ń parọ́ fún yín. Ẹ dákun."

Ọkọ mi ní, "Ṣé o ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ọ̀la ọdún ni. Wá ẹran jẹ."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sídìí ọ̀kadà tó ń tún ṣe. Èmi ni mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sunkún láàárín àpò, mo ṣépè fún ìwé, mo ṣépè fún Kánádà, mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ààwẹ̀ Àráfà tó wà lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti Yídì dé tí a sì ti pa ẹran, ó wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Anas, bá mi gbé àpò."

Mo ní, "Bàbá Anas, ẹ jọ̀ọ́. Sípíríǹgì tiyín wà lábẹ́ tábìlì. Ẹ dá a padà sí i, kí ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ yìí bí ẹni tó ni ín. Kò ní í bínú."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò ní í bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ tirẹ̀, mo ti gbà nìyẹn pé kò ní í wá mọ́."

Mo lọ mú ọ̀já.

A fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Iresa. Lórí òkè, mo gbé àpò pọ̀n ọ́n, mo so ọ̀já dáadáa, mo ní, "Ẹ rọra o. Ẹ máa tẹ bíréèkì." Ó mi orí, ó sì jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó já wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jù. Mo ń rí àpò mi tó ń lọ sókè sódò lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ tó ń pariwo ohun kan, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Àwọn tó ń lọ kí ẹbí wọn kú ọdún dúró, wọ́n ń wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń sọ kiri. Mo ká aṣọ ọdún mi sókè, mo sáré tẹ̀ lé e.

Mo bá a nísàlẹ̀, létí oko Bàbá, ó jókòó sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń sunkún, kò fi pa mọ́. Mo fẹ́ tú ọ̀já, ó dì í mú.

Ó ní, "Kò gbá irin rárá, Ìyá Anas. Ó gbé wa débí."

Mo jókòó tì í. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó jẹ́ kí n tú u.

Àpò yẹn wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Bí oníbàárà bá nawọ́ sí i, mo máa ń sọ fún un pé ó lẹ́ni tó ni ín. Oúnjẹ adìyẹ kì í pẹ́ bu, nítorí náà, oṣù méjì-méjì ni mo ń ta ti inú rẹ̀ tí mo ń fi tuntun rọ́pò, mo sì máa ń gbé tuntun náà lé òṣùwọ̀n kí n tó gbé e síbẹ̀. N ò sọ fún ọkọ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Òpéléńgẹ́ pè mí. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe báyìí le, òun ti rù, kílò mẹ́ta ti lọ lára òun. Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ẹ máa jẹun dáadáa, ọkọ mi!" Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, mo tú ẹnu àpò náà, mo bu kílò mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, mo sì tún un rán.